Ọ̀rọ̀ Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́ta: Èdè-Ìperí àti Àtúnṣe Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ó Dógùn-ún

Ìfáárà

Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ribiribi ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí lílo èdè Yorùbá fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá. Iṣẹ́ náà fi hàn gbangba pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹfà. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú apá kejì ní ọdún 1990. Ìwé méjèèjì kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irin, iná, páànù àti ọ̀dà kò lè rí ohun púpọ̀ mú níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n wá ṣe nìyẹn.

Àìní yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Ó ń jà níbi iṣẹ́ àwọn pánẹ́bítà, níbi tí wọ́n ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń lu páànù tẹ́, wọ́n ń jó páànù mọ́ páànù, wọ́n sì ń fi pọ́tì rẹ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá sì dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi dá a lóhùn: “A ti tún un ṣe.” Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò tó, pé ewu ń bẹ nínú àìtó rẹ̀, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò tán ìṣòro náà ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí onímọ̀ èdè kankan tó jókòó láti ṣẹ̀dá wọn.

Ìjàpá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ọkọ̀ tí ó dára jù lọ láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rìbìtì, èyí tí gbogbo Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣe ọkọ̀ náà wò ó, wọ́n rí kòkòrò, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn. Àwọn Yorùbá wò ó, wọ́n rí ẹranko tí ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé orúkọ yìí, kò sí ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí.

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, Ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n tò. Ní ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú gbogbo Ìjàpá ayé jáde ní ìlú Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 21. Nítorí náà, kò sí Ìjàpá tí kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́ mọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yálà ní Jámánì, ní Bràsíìlì tàbí ní Ìbàdàn, àìsàn méjì ni ó sábà máa ń bá a jà: irin rẹ̀ ń dógùn-ún, àpá ìjàǹbá ọjọ́ pípẹ́ sì ń bẹ lára rẹ̀ tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà bò.

Ẹni tí ó mọ Ìjàpá mọ ibi tí àìsàn àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì rẹ̀ ń gbé. Ásíìdì bátìrì a máa kán sílẹ̀, a sì máa jẹ páànù ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Iwájú ni kòtò táyà ìrọ́pò wà, omi òjò tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọlé a sì máa dúró síbẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni irin gbọọrọ oníhò tí ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá ní ọ̀tún àti ní òsì, èyí tí atẹ́gùn gbígbóná fi ń ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ síwájú. Kì í ṣe ọ̀nà atẹ́gùn nìkan ni irin yìí. Òun gan-an ni eegun ìhà tí ó di ara ọkọ̀ mú. Bí ó bá ti jẹ tán nínú, ojú rẹ̀ lè máa dán bí ojú dígí.

Ìdógùn-ún, ìpáàrà àti ìjẹlu

Kí ni Yorùbá ń pe ohun tí ń jẹ irin? Ẹni tí ó ń ka Bíbélì yóò sọ pé ìpáàrà ni. Ẹlòmíràn yóò ní irin náà dógùn-ún, ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ní ó dípẹtà. Àwọn kan rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ fún ohun kan jẹ́ ìdààmú fún onísáyẹ́ǹsì, pé kí ìgbìmọ̀ mú ọ̀kan kí ó sì kó ìyókù dànù. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ jẹ́ ọrọ̀, bí a bá lè pín iṣẹ́ fún wọn.

Ohun tí kẹ́mísìrì kọ́ni ni pé irin kò lè dógùn-ún àfi bí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá jọ kàn án. Wọ́n a máa fi ìṣó mẹ́ta hàn èyí ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kan wà nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Èkejì wà nínú omi tí wọ́n ti sè kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, tí wọ́n sì da òróró lé lórí. Ẹ̀kẹta wà nínú omi lásán tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ni yóò dógùn-ún láàrin ọjọ́ mélòó kan. Bí iyọ̀ bá sì wà nínú omi náà, ohun gbogbo yóò yára sí i. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ etí òkun ní Èkó kò fi ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ̀, ìdí nìyí pẹ̀lú tí iyọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ń dà sójú títì ní ìgbà òtútù fi ń ba ọkọ̀ wọn jẹ́.

Nínú àlàyé yìí, nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ní orúkọ. Èkínní ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bí irin, omi àti ọ́síjìn ti ń dàpọ̀ di nǹkan mìíràn: ìdógùn-ún ni kí á pe èyí, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ti jáde. Èkejì ni ohun tí ó jáde nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú: ìpáàrà ni kí ó máa jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ipò tí irin wà nígbà tí ó ti jẹ dé òdìkejì, tí ìka lè gbà á kọjá. Ìjẹlu ni ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu, nítorí ohun tí ó ti jẹ́ jíjẹ, tí ó sì ti lu. Dípẹtà ní tirẹ̀ lè dúró fún ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ó ṣeé tún ṣe.

Ìpínyà yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Ìpáàrà a máa gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ìdí sì nìyí tí ọ̀dà fi ń lé ròrò bí awọ ara tí omi gbígbóná dà lé. Bí ìpáàrà bá wà lójú irin nìkan, kí wọ́n fi sáńpépà họ ọ́ títí irin yóò fi dán, kí wọ́n sì tètè kun ún kí ọ̀rinrin tó dé. Bí ó bá ti gbẹ́ kòtò kéékèèké, họríhọrí kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ iyanrìn lù ú pẹ̀lú agbára ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì sọ ìyókù ìpáàrà di ohun tí kò ní lè ràn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìjẹlu, kò sí oògùn tí a lè kùn ún. Gígé ni. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ipò mẹ́ta yìí, ìwòsàn kan náà ni yóò máa fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Lílù, jíjó àti rírẹ́

Ẹni tí ó bá fetí sí èdè ibi iṣẹ́ pánẹ́bítà dáadáa yóò rí ohun kan tí ó jọni lójú. Ọ̀rọ̀-orúkọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àyálò tán: fẹ́ńdà, bọ́ńpà, bóòtù, pọ́tì, dọ́lì, sáńpépà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni: lù, tẹ́, jó, gé, lẹ̀, rẹ́, họ, de, nà, súnkì. Ohun èlò lè ti òkè òkun wá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ọ́ṣe kò ti ibẹ̀ wá. Ọwọ́ tí ń lu fẹ́ńdà lónìí ti mọ owú àti ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ tipẹ́. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni ó yẹ kí èdè-ìperí iṣẹ́ irin ti ṣẹ̀.

Kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lílù ni iṣẹ́ fún páànù tí ó tẹ̀ wọnú ṣùgbọ́n tí kò jẹ. Pánẹ́bítà a fi dọ́lì, irin wúwo tí ó bá àtẹ́lẹwọ́ mu, gbé ẹ̀yìn páànù dúró, a sì fi òòlù lù ú lójú títí yóò fi tẹ́. Ìlùtẹ́ ni èyí. Bí lílù bá pọ̀ jù, páànù a nà, a sì máa wú bọ̀ọ́lọ̀ bí ikùn àpò. Nígbà náà ni ọ̀gá yóò fi iná sun ojú kan títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì fi àkísà tútù pa á lójijì, kí irin náà lè súnkì. Kò sí ìwé tí ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí aṣọ ń ṣe bí a bá fọ̀ ọ́ ni ó fi ń pe ohun tí irin ń ṣe. Ìsúnkì jẹ́ èdè-ìperí tí ó péye, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Jíjó ni iṣẹ́ fún ìjẹlu. Wọn a gé ibi tí ó jẹ kúrò, kì í ṣe ibi tí ihò wà nìkan, bí kò ṣe títí dé ibi tí irin yè kooro. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: bí a bá fi òòlù kékeré kan irin tí ó yè, a dún gbọnran, èyí tí ó ti jẹ, ohùn rẹ̀ a kú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé páànù titun tí ó ṣe déédéé ojú ihò náà, tí wọn yóò sì jó o mọ́ ọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà jó o. Wọ́n lè gbé páànù titun lé orí ti tẹ́lẹ̀ kí wọ́n jó etí rẹ̀ yíká. Wọ́n sì lè jẹ́ kí ẹnu páànù méjèèjì kàn ara wọn láìgun ara. Ti àkọ́kọ́ yára, ṣùgbọ́n omi a máa sápamọ́ sí àárín páànù méjèèjì, ìdógùn-ún a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ti èkejì gba sùúrù, nítorí bí iná bá pọ̀ lójú kan páànù yóò wọ́, nítorí náà kíkán ni wọ́n ń kán iná sí i níhìn-ín àti lọ́hùn-ún kí wọ́n tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìjórin agbéléra àti ìjórin afẹnukò ni orúkọ tí ó yẹ àwọn méjèèjì. Oníbàárà tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó san owó rẹ̀ fún.

Bí ó bá jẹ́ irin abẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá ni wọ́n fẹ́ gé, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi irin de ẹnu ilẹ̀kùn, ní ìdábùú àti ní òró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ yóò rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti gé e, ilẹ̀kùn kò sì ní í bá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mu mọ́ láéláé. Ti fẹ́ńdà kò le tó bẹ́ẹ̀: bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ìpààrọ̀ sábà máa ń rọrùn ju ìlùtẹ́ lọ.

Rírẹ́ ni iṣẹ́ ìkẹyìn. Bí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri kí ó lè jọ̀lọ̀ ni wọ́n ń fi pọ́tì rẹ́ páànù. Kí pọ́tì tí a ń pò lónìí tó gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, òjé yíyọ́ ni àwọn oníṣẹ́ òkè òkun fi ń rẹ́ ojú páànù, èéfín àti ẹ̀kún rẹ̀ sì léwu fún ẹni tí ń mí i símú. Pọ́tì kì í ṣe ọ̀tá. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin tí ó yè, tí wọ́n ti lù tẹ́, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dí ojú ìjẹlu, tàbí tí wọ́n fi kún kòtò ìjàǹbá jinnú, ó ti kúrò ní ìrẹ́, ó ti di ìbòmọ́lẹ̀. Pọ́tì kì í ru ẹrù. Ìdógùn-ún yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀, nítorí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Fífi ọ̀dà dídán bo irin abẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ti jẹ, fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Àpá ìjàǹbá àtijọ́

Àwọn àgbà ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ọkọ̀ tí ó ti forí sọ nǹkan ní ogún ọdún sẹ́yìn a máa fi àpá rẹ̀ han ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò. Àlàfo etí ilẹ̀kùn kan lè tóbi ju ti èkejì lọ. Táyà iwájú lè máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé òòfà kí ó má ba ọ̀dà jẹ́, tí wọ́n sì ń fà á lọ lára ọkọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ irin, yóò sì já bọ́ níbi tí pọ́tì ti nípọn. Bí wọ́n bá na okùn ní ìdábùú láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n sì tún na òmíràn láti igun òsì iwájú dé igun ọ̀tún ẹ̀yìn, okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọkọ̀ náà ti wọ́, ìlùtẹ́ fẹ́ńdà kò sì lè wò ó sàn.

Òòfà, ìdábùú, wíwọ́: gbogbo ohun tí ẹni tí ń ra ọkọ̀ nílò láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ ni Yorùbá ti ní orúkọ fún. Ohun tí kò sí ni ìwé tí ó kó wọn jọ, tí ó fi ìtumọ̀ pàtó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà lè jọ dì mú. Níbi tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, “a ti tún un ṣe” ni yóò máa jọba, ẹni tí ó bá sì ra ìbòmọ́lẹ̀ ní owó ìjórin kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò tún forí sọ nǹkan, tòun tìyàwó àtọmọ nínú rẹ̀.

Ó sì yani lẹ́nu pé èdè Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Èdè tí kì í fi ọ̀rọ̀ kan sọ ìbàjẹ́ ni: igi ni a ń ṣẹ́, ìkòkò ni a ń fọ́, okùn ni a ń já, aṣọ ni a ń ya. Èdè tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́ tó báyìí kò gbọdọ̀ ya ọ̀lẹ nígbà tí ó bá di ọ̀nà tí nǹkan ń gbà sàn.

Àtakò méjì

Àwọn kan yóò sọ pé pọ́tì, fẹ́ńdà àti bóòtù kì í ṣe Yorùbá, pé kí á wá ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ dípò wọn. Ìdáhùn kò ṣòro. Wákàtí àti àlùbọ́sà pàápàá àyálò ni, kò sì sí ẹni tí ń lé wọn jáde. Pọ́tì ti gba ohùn Yorùbá, fáwẹ̀lì ni ó sì parí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ó ti di ọmọ ilé. Bí ìgbìmọ̀ kan bá jókòó tí ó sì sọ pọ́tì di “ohun-èlò-adíhò-ara-ọkọ̀”, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó ṣẹ̀dá, àlàyé ni. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò fi í ránṣẹ́ nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè ibi iṣẹ́ kò dúró lójú kan, pé bí wọ́n ti ń wí i ní Ìbàdàn kọ́ ni wọ́n ń wí i ní Abẹ́òkúta, àti pé oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà lè fi ọ̀rọ̀ kan pe nǹkan méjì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ onímọ̀ èdè gan-an nìyẹn. Àkójọ, ìfiwéra, yíyàn àti ìtumọ̀ pàtó ni ó yẹ kí ó máa ṣe. Kì í ṣe pé kí ó máa hun ọ̀rọ̀ lórí tábìlì fún iṣẹ́ tí kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní ni àkókò láti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí onímọ̀ èdè kò ní ni ọ̀rọ̀ náà.

Ìkádìí

Ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé èyí ṣe kedere. Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ pánẹ́bítà, ti ajórinmọ́rin àti ti akunọkọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, kí wọ́n sì kọ irú irin, irú ìbàjẹ́ àti irú iná tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Kí wọ́n ṣe é ní wéréwéré, nítorí àwọn ọ̀gá tí ó mọ bí a ti í fi iná mú páànù súnkì ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní kò sì ń kọ́ ju ìpààrọ̀ àti pọ́tì lọ. Kí ìwé èdè-ìperí iṣẹ́ irin tí yóò jáde láti inú èyí ya ìlùtẹ́, ìjórin, ìrẹ́ àti ìbòmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ lójú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà náà, bí ọ̀gá pánẹ́bítà bá sọ pé òun ti tún Ìjàpá kan ṣe, ẹni tí ó ni ín yóò lè béèrè pé ọ̀nà wo ni ó gbà, ọ̀gá náà yóò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn.